Òróró ólífì aláayù tí a ń ti búrẹ́dì bọ: ti èèyàn 40 n'Íjẹ̀bú-Òde

Alápèjẹ_Òde:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà alásè inú ilé yìí. Ìpàdé ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn 40. Kí oúnjẹ gan-an tó jáde, wọ́n fẹ́ kí búrẹ́dì kọ́kọ́ dé orí tábìlì pẹ̀lú àwo òróró ólífì tí aáyù àti ewé olóòórùn wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń rí kà kò bára mu: àwọn kan ní aáyù tútù ni, àwọn kan ní kó rí iná. Ẹ bá mi dá sí i. Òróró wo ni kí n rà? Aáyù tútù ni àbí èyí tó gbóná? Ewé ilẹ̀ wa wo ló lè dúró fún tòyìnbó? Ṣé mo sì lè pò ó sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ kí n má baà máa kánjú?

Alásè_Ìperu:
Ẹ kú ìmúra. Iye tó tó àwo kan, èèyàn 6, nìyí: òróró ólífì mílílítà 120, aáyù ọmọ 2 tó tóbi, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì 1 táìmù gbígbẹ tàbí oregano (ewé olóòórùn tòyìnbó ni òun náà), ìdajì ṣíbí tíì ata gbígbẹ tí wọ́n gún, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 1. Ṣíbí ìjẹun ilé kálukú kì í dọ́gba, nítorí náà ẹ fi ṣíbí kékeré inú páálí oògùn omi àwọn ọmọdé wọ̀n ọ́n. Mílílítà 5 ni ìyẹn, òun náà ni ṣíbí tíì tí mo ń wí.

Ẹ bó aáyù, ẹ là á sí méjì ní òòró. Bí ẹ bá rí èéhù tútù láàárín rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Ibẹ̀ ni ìkorò ti ń wá nínú aáyù tó ti pẹ́ lọ́jà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da iyọ̀ náà lé e lórí pátákó, kí ẹ wá máa fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fà á, títí yóò fi kúnná tí yóò sì máa lẹ̀. Odó kékeré náà ṣe é lò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ewé gbígbẹ sínú àwo kí òórùn rẹ̀ lè jí. Ẹ po aáyù, ewé, ata àti omi ọsàn pọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da òróró lé e. Ní ìṣẹ́jú 20 sí i, ó ti ṣe é jẹ.

Ẹ má da iyọ̀ sínú òróró tààrà. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró, omi ló ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá dà á sí òróró, yóò rì sí ìsàlẹ̀ àwo, ẹni àkọ́kọ́ yóò ní kò níyọ̀, ẹni ìkẹyìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pè fún omi. Omi ara aáyù àti omi ọsàn ni yóò gbé iyọ̀ náà káàkiri.

Olóbì_Ṣágámù:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n fún àwùjọ, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbé aáyù tútù síwájú àlejò. Ó ń ta, òórùn rẹ̀ a sì wà lẹ́nu di ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó rí iná díẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń gbé òróró kaná kó gbóná kí wọ́n tó da aáyù sí i. Aáyù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kò nípọn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti pọ́n, bó bá sì ti lè pọ́n dé àwọ̀ igi, ó ti korò nìyẹn, kò sí ṣúgà tí yóò tún un ṣe. Inú òróró tútù ni kí aáyù ti bẹ̀rẹ̀. Iná gáàsì kó kéré jù lọ. Bí ẹ bá ti rí àwọn ìfóòfó kéékèèké tí wọ́n ń yí aáyù ká, ẹ ka ìṣẹ́jú 2, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì funfun. Ẹ má dúró kó tó yí àwọ̀ lórí iná o, torí òróró gbígbóná kò mọ̀ pé ẹ ti pa iná, yóò ṣì máa sè é lọ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta òróró náà nìkan ni kí ẹ gbé kaná. Bí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da ewé gbígbẹ àti ata sí i kí ooru yẹn fa òórùn wọn jáde, kí ẹ wá da ìdá méjì tó kù lé e ní tútù. Òróró tútù yẹn ló ń dá sísè aáyù dúró, òun náà ló sì ń jẹ́ kí adùn òróró ólífì gan-an ṣì wà níbẹ̀. Ewé tútù ní tirẹ̀, ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dúdú.

Alásè_Ìperu:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ lórí iná. Ṣùgbọ́n aáyù tútù náà ṣe é dárí. Ohun tó ń ta nínú rẹ̀, allicin ni wọ́n ń pè é, kò sí níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ ni ó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ara rẹ̀ sílẹ̀, bó bá sì ṣe kúnná tó ló ṣe ń ta tó. Omi kíkan ló ń dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó rọlẹ̀ yóò da omi ọsàn sí aáyù kété tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tó fẹ́ kó ta yóò jẹ́ kó dá wà fún ìṣẹ́jú 10 kí ọsàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èròjà kan náà ni, ètò ló yàtọ̀.

Bíléńdà nìkan ni kí ẹ má gbé wá síbẹ̀. Aáyù a di omi, a ta kọjá ààlà, òróró ólífì tó dára pàápàá máa ń korò bí abẹ bíléńdà bá lù ú pẹ́.

Ìyá_Olóròóró:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti òróró, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ìgò tí wọ́n kọ “extra virgin” sí lára ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n fún jáde láti ara èso láìfi kẹ́míkà sí i ni, òfin rẹ̀ lágbàáyé sì ni pé ásíìdì tó dá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.8% lọ. Èyí tí wọ́n kọ “pomace” sí, ìdọ̀tí èso tó kù lẹ́yìn fífún ni wọ́n fi kẹ́míkà yọ òróró rẹ̀. Ó ṣe é dín ẹran, kò lè dá dúró nínú àwo. “Light” náà, àwọ̀ àti adùn ló fúyẹ́, kì í ṣe ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ti ara pípa nìyẹn, adùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò lára rẹ̀. Ìgò tó ti wà nínú ilé láti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà sí i náà ńkọ́? Àdúrà kò dá a dúró kó má kan. Ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ tàbí bíi kíréyọ́ọ̀nù tí àwọn ọmọdé fi ń kun ìwé, ó ti kú. Tó dára máa ń rùn bí koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó sì máa ń ta díẹ̀ lọ́fun nígbà tí a bá gbé e mì. Títa lọ́fun yẹn kì í ṣe àbùkù, àmì pé ó ṣì ń jí ni.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ìgò dúdú tàbí agolo ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa. Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ní bó bá dì nínú fíríìjì, ògidì ni. Àwọn òróró mìíràn ń dì, ògidì mìíràn kì í dì dáadáa, kò fi ohun kan hàn.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa kò lè ṣe é? Owó òróró ólífì yẹn pọ̀.

Ìyá_Olóròóró:
Òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti sọ di mímọ́ kò ní adùn tirẹ̀, ẹ ó kàn máa jẹ ọ̀rá ni. Epo pupa dára púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣu sísun ni ọkọ rẹ̀, kì í ṣe búrẹ́dì. Bí owó bá jẹ́ ìdènà, ẹ ra ìgò kékeré tó dára, kí ẹ dín iye òróró inú àwo kù. Ẹ má ra ìgò ńlá tí kò dára.

Eléwé_ÒkèAjé:
Ọ̀rọ̀ ewé kàn mí. Lọ́jà Òkè-Ajé, táìmù gbígbẹ kò ní wọ́n yín, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́rì àti máàgì ni. Efinrin tútù wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye tí ìwé òyìnbó bá pè fún basil ṣe efinrin. Basil wọn ni efinrin wẹ́wẹ́, ó tutù lẹ́nu. Efinrin ńlá tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ, thymol, èròjà olóòórùn líle kan, wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú táìmù. Bí ìwé bá ní ewé basil 15, ẹ mú efinrin 4 sí 5, kó jẹ́ ewé orí rẹ̀ tó ṣì rọ̀, kì í ṣe ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó. Ẹ já igi àárín rẹ̀ kúrò.

Ẹ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa. Aṣọ funfun ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí. Ewé tó lómi yóò ta òróró gbígbóná sí yín lójú, bó bá sì jẹ́ òróró tútù, omi yẹn a rì sí ìsàlẹ̀ àwo, ewé a sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ ká a jọ, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má máa gún un mọ́ pátákó, yóò dúdú.

Ìwọ̀n gbígbẹ sí tútù: ṣíbí tíì 1 gbígbẹ dúró fún ṣíbí tíì 3 tútù tí a ti gé. Rosemary gbígbẹ le bí abẹ́rẹ́, ẹ gún un kó tó wọlé, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì sì tó fún àwo kan. Ẹni tí kò bá rí ata dúdú òyìnbó, kó fi iyèré, ṣùgbọ́n èso 6 péré ni kó gún, torí iyèré kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́.

Alápèjẹ_Òde:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin màmá. Búrẹ́dì Àgége ńkọ́? Òun ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Oníbúrẹ́dì_Rẹ́mọ:
Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ìṣòro méjì ló ní: ó rọ̀, ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Rírọ̀ yẹn á jẹ́ kó fa òróró mu lójú ẹsẹ̀, kó sì já sínú àwo. Èèyàn mẹ́ta péré yóò ti gbẹ àwo èèyàn mẹ́fà. Ẹ gé e ní ìnípọn ìka méjì, ẹ tò ó sí orí páànù gbígbẹ láìsí bọ́tà, kí ojú méjèèjì pọ́n, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé e ní òòró bí ìka. Eèpo líle yẹn ló ń dá òróró dúró. Bí ó bá ti wà nílé fún ọjọ́ kan, ó tún dára ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò lọ.

Bí ẹ bá rí búrẹ́dì gígùn eléèpo líle, irú èyí tí àwọn ará Kútọnu ń jẹ, òun ni kí ẹ mú. Kò ní ṣúgà. Igi 8 yóò tó èèyàn 40, torí oúnjẹ ṣì ń bọ̀. Ẹ má gé e sílẹ̀ ju wákàtí kan lọ, eèpo rẹ̀ á rọ̀, àárín á le.

Oníṣòwò_Ìlíṣàn:
Mo ń ka gbogbo èyí, ìrònú kan wá. Kí ló dé tí a kò lè pò ó sínú ìgò dáadáa, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí a tà á lásìkò Ojúde Ọba? Ọjọ́ kẹta Iléyá, àlejò kún Ìjẹ̀bú-Òde bámúbámú, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n yóò gbé lọ sílé. Ìgò tó ní aáyù funfun àti ewé nínú rẹ̀ máa ń wuni. Òróró a sì máa pa nǹkan mọ́, àbí?

Onímọ̀_Oúnjẹ:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìbéèrè alápèjẹ wa náà nípa pípò ó sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Inú ilẹ̀ ni aáyù ti ń jáde. Irúgbìn kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum máa ń wà nínú ilẹ̀, ó lè lẹ̀ mọ́ aáyù, fífọ̀ kò sì ní kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kòkòrò yẹn kì í dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà. Aáyù tútù lómi nínú, kò kan, òróró tó bò ó sì ti lé afẹ́fẹ́ jìnnà sí i. Ẹ ti kọ́ ilé fún un nìyẹn. Ẹ bá gbé e sórí kọ́ńtà nínú ooru tiwa, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da májèlé tó ń mú iṣan ara rọ. Òróró náà kò ní rùn, kò ní yí àwọ̀, adùn rẹ̀ kò ní yí padà.

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1985, ní Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, èèyàn 36 ló lùgbàdì rẹ̀ láti ara aáyù inú òróró tí wọ́n gbé síta láìfi sínú fíríìjì. Ní 1989, ó tún ṣẹlẹ̀ sí èèyàn 3 ní ìpínlẹ̀ New York, lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé aáyù inú òróró tí wọ́n bá ń tà gbọ́dọ̀ ní èròjà kíkan tàbí ohun mìíràn tí yóò dí kòkòrò náà lọ́wọ́. Àmì àìsàn rẹ̀: ojú a máa rí nǹkan kan ní méjì, ìpéǹpéjú a wálẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa fà lẹ́nu, oúnjẹ kò ní gba ọ̀fun. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe àgbo.

Gbígbé e kaná kò yanjú rẹ̀. Irúgbìn kòkòrò náà ń yè nínú omi híhó. Ìkòkò onífúnpá tó dé 121°C ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń pa á. Bí ẹ̀gbọ́n Olóbì ṣe ń ṣe é jẹ́jẹ́ tí aáyù ṣì funfun yẹn, ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ohun ìpamọ́.

Oníṣòwò_Ìlíṣàn:
Ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Òun náà kan.

Onímọ̀_Oúnjẹ:
Kò tó. Omi ọsàn kì í wọ inú òróró, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò wà, aáyù tó léfòó lókè kò ní rí i rárá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí inú aáyù fúnra rẹ̀ kan dé pH 4.6 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i (pH ni òṣùwọ̀n kíkan, bó bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni nǹkan ṣe kan tó), rírẹ aáyù sínú omi citric acid, ìyẹn èròjà kíkan inú ọsàn, fún odindi ọjọ́ kan lábẹ́ ìwọ̀n tó péye ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni, oúnjẹ tí a bá sì dì fún títà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Bí ọjà ni ẹ ń wá, ẹ di èyí tó gbẹ. Nínú ọ̀rá kékeré kan: táìmù ṣíbí tíì 1, efinrin wẹ́wẹ́ gbígbẹ ìdajì ṣíbí tíì, ata gbígbẹ ìdajì, iyọ̀ ìdajì, àti aáyù lúbúlúbú ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì dípò ọmọ 2. Kò lómi, kòkòrò yẹn kò lè dàgbà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á yóò da ṣíbí tíì 2 omi gbígbóná sí i fún ìṣẹ́jú 5 kí iyọ̀ yọ́ kí ewé sì rọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò da òróró tirẹ̀ lé e. NAFDAC kò yọ èyí náà sílẹ̀ o.

Fún Alápèjẹ: ẹ má pò ó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Nínú fíríìjì tó tutù dé 4°C, ọjọ́ 4 ni wọ́n ń gbà fún un ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe 4°C, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe sílẹ̀ ni pé kí ẹ wọn ewé gbígbẹ, kí ẹ bó aáyù láìgé e, kí ẹ fi í sínú ike nínú fíríìjì láìsí òróró. Àárọ̀ Sátidé ni kí wọ́n tó pàdé òróró.

Olóbì_Ṣágámù:
Mo gbà fún yín pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣírò ti èèyàn 40. Ká ní mílílítà 20 lẹ́nì kan, mílílítà 800 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àwo 7 ti mílílítà 120, ó di 840. Ìgò lítà kan tó, ó sì ṣẹ́ kù. Aáyù ọmọ 14, ìyẹn orí kan àti díẹ̀. Iyọ̀ ṣíbí tíì 3 àbọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ 2 tàbí 3 bó bá lómi. Ata nìkan ni kí ẹ má sọ di ìlọ́po 7 lójijì: ẹ fi ṣíbí tíì 2 bẹ̀rẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, torí ata ń jáde sínú òróró díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná, mílílítà 280 ni kí ó rí iná. Ní ti ìkòkò fífẹ̀ tàbí jíjìn, ẹ mú jíjìn kékeré kí òróró lè bo aáyù mọ́lẹ̀. Nínú páànù fífẹ̀, etí aáyù á jóná kí àárín tó gbóná. Ọsàn ní tirẹ̀, ìgbà tí òróró bá ti tutù ni kó wọlé pẹ̀lú iyọ̀ tó ti yọ́ nínú rẹ̀. Omi ọsàn nínú òróró gbígbóná, ìyẹn ìjà ni.

Eléwé_ÒkèAjé:
Fún àwọn tí kò fẹ́ wàhálà rárá: ní Ítálì, wọ́n máa ń yan búrẹ́dì kí ojú rẹ̀ le, wọ́n á fi ọmọ aáyù tútù ra ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú líle yẹn á ha aáyù náà bí irin ìrẹ́, wọ́n á wá da òróró àti iyọ̀ sí i. Kò sí aáyù nínú òróró, nítorí náà òróró tó bá kù ṣì jẹ́ òróró.

Alápèjẹ_Òde:
Ó ti yé mi, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo 1 ọ̀sán, lábẹ́ kánópì. Ṣé mo lè tò wọ́n sórí tábìlì láti agogo 11?

Alásè_Ìperu:
Rárá o. Lábẹ́ kánópì lọ́sàn-án, bí ooru bá ju 32°C lọ, wákàtí kan ni kí ẹ fún un. Ẹ fi í sínú ike oníbòrí nínú kúlà tó ní áìsì, ẹ gbé e jáde ní agogo 12 àbọ̀ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òróró ólífì tó tutù jù máa ń ṣú, ó sì ń ki. Ẹ rò ó láti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bù ú. Àwo pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò, kí òróró má jìn ju ìka kan lọ, kí ẹ sì fi ṣíbí kékeré kan sí àwo kọ̀ọ̀kan kí kálukú máa bù ú sórí búrẹ́dì tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ti búrẹ́dì tó ti gé jẹ bọ ọ́, àwo yẹn kò padà sí kíṣíìnì mọ́. Èyí tó bá kù nínú kúlà tí ọwọ́ kò kàn, ẹ fi din ẹyin lálẹ́ ọjọ́ náà.